Ẹní, Ògiri àti Ọ̀já: Yógà fún Ara Tó Ti Ń Le

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa)

 

Alága wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Mo ní èmi kì í ṣe dókítà, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ó ní ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tóun fi pè mí, pé bí dókítà bá sọ ọ́, ẹ ó ní owó ló ń wá. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ara tó ti ń le ṣì lè rọ̀ díẹ̀, ohun tí a ó fi rọ̀ ọ́ sì ti wà nílé olúkúlùkù wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lọ́dún 2019, a lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ àbúrò mi. Ẹ mọ bí ètò náà ṣe ń rí. Alága ìjókòó ní kí ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọn ì bá yọ̀ǹda èmi àgbà, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n má baà sọ pé a gbéraga, ni mo bá nà gbalaja. Nígbà tó ní ká dìde, àwọn ọmọdé fò sókè, ó ku èmi nìkan nílẹ̀. Ìbàdí kọ̀, orúnkún kọ̀. Àwọn àna wa rò pé ọ̀wọ̀ tiwọn ló pọ̀ lọ́kàn mi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, onílù ń kì mí, wọ́n ń lẹ náírà mọ́ mi ní ìpàkọ́. Ọmọkùnrin méjì ló gbé mi dìde.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lálẹ́, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo bi ara mi pé, bó bá jẹ́ balùwẹ̀ ni mo ṣubú sí ńkọ́, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sí nílé?

Mo lọ sí ibi ìdárayá kan nílùú wa. Owó oṣù kan tí wọ́n pè fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì owó ìfẹ̀yìntì mi lọ, orin tí wọ́n sì ń gbé síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di mí létí. Ọmọbìnrin mi ló wá fi yógà hàn mí lórí fóònù rẹ̀.

Ilẹ̀ Íńdíà ni yógà ti wá, ọjọ́ rẹ̀ sì ti pẹ́. Èdè Sanskrit ló ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ kí á so nǹkan pọ̀, bí ìgbà tí a fi àjàgà so màlúù méjì. Ẹni tó wú mi lórí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni B. K. S. Iyengar, tí wọ́n bí lọ́dún 1918. Àìsàn ló fi ṣe ọmọdé: ibà, táífọ́ọ̀dù àti ikọ́ ife. Krishnamacharya, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló kọ́ ọ ní yógà nílùú Mysore. Nígbà tí òun náà di olùkọ́ ní Pune, ó ń lo àga, okùn, búláńkẹ́ẹ̀tì àti ègé igi láti fi ran ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà lọ́wọ́. Ìwé rẹ̀, Light on Yoga, jáde lọ́dún 1966. Ọmọ tí àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ yìí lo ọdún 95 láyé kó tó kú lọ́dún 2014. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ pé, bí ọwọ́ mi kò bá dé ilẹ̀, mo lè gbé ilẹ̀ sókè wá bá ọwọ́ mi.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn wọn nìyẹn?" Ìbéèrè gidi ni. Yógà ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n apá ti ara àti èémí nìkan ni mò ń ṣe. Mi ò pe orúkọ òrìṣà kankan. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, àdúrà tèmi ni mò ń gbà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kó máa rìn láàárọ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ó yá, kí la máa rà? Kò sí. Ẹní ilé wa tó láti dùbúlẹ̀ lé, ká ká ìró àtijọ́ sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ kúrò lórí ẹní, nítorí pé ó máa ń yọ̀ lórí táìsì. Ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì gbígbẹ ló dára. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá méjì tí mo rà nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ni mo ń gbọ́wọ́ lé. Ọ̀já tí ìyàwó mi fi pọn gbogbo ọmọ wa ni okùn mi. Àga igi onígun mẹ́rin kan wà, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ má lo àga oníke, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè là.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kí n tó jẹun àárọ̀.

Èkínní, mo dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, mo ká orúnkún sókè, mo gbé ọwọ́ lé ikùn. Mo fi imú fa èémí wọlé títí mo fi ka mẹ́rin, mo sì rọra tú u jáde títí mo fi ka mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Èkejì, mo wà lórí ọwọ́ àti orúnkún, aṣọ wà lábẹ́ orúnkún. Bí mo bá mí wọlé, ikùn á sọ̀ kalẹ̀, àyà á yọ síwájú. Bí mo bá mí síta, ẹ̀yìn á yọ gbùúgbùú bí ológbò tó rí ajá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ.

Ẹ̀kẹta, mo tún dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, mo fi ọ̀já kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kan, mo di etí rẹ̀ méjèèjì mú, mo sì na ẹsẹ̀ náà sókè dé ibi tó bá lè dé. Ibi tó bá ti ń fà ni kẹ́ ẹ dúró. Ibi tó bá ti ń dunni, ẹ ti kọjá àyè yín.

Ẹ̀kẹrin ni wọ́n ń pè ní ejò. Ìdọ̀bálẹ̀ gan-an ni! Mo fi àyà lélẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, mo sì rọra gbé àyà sókè díẹ̀. Èyí ni oògùn ìtìjú mi.

Ẹ̀karùn-ún, mo fi ọwọ́ kan ti ògiri, mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kan lé ọrùn ẹsẹ̀ kejì, mo dúró bí igi. Ẹ má gbé e lé orúnkún láéláé. Lẹ́yìn náà, mo jókòó sórí àga, mo sì dìde láìfọwọ́ti, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ.

Èyí tó gbẹ̀yìn, mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Òkú ni àwọn ará Íńdíà fi sọ ìdùbúlẹ̀ yìí lórúkọ. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Nílé tèmi, ìsinmi là ń pè é.

Kì í ṣe ẹnu mi nìkan lẹ ó gbà gbọ́. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní American College of Physicians ka yógà mọ́ ohun tí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn fún ìgbà pípẹ́ lè kọ́kọ́ gbìyànjú kó tó lo oògùn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì sọ lọ́dún 2020 pé kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa ṣe ìdárayá tó ń jẹ́ kí ara dúró déédéé, tó sì ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó má baà máa ṣubú.

Ẹ wá fi etí sílẹ̀ dáadáa. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀, ara mi yá débi pé mo dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Mi ò sọ fún ẹnì kankan, ìyàwó mi pàápàá ò gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, orí ń fọ́ mi, ojú ń ṣú mi. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá mi, 190 lórí 110 ni. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró?" Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè, n kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin ará mi, yógà kì í rọ́pò oògùn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma kò gbọdọ̀ sorí kodò, kò sì gbọdọ̀ há èémí mọ́ra. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dárí jì wá. Nígbà tí ẹ ń fọn fèrè láàárọ̀ kùtù pé ká jáde wá ṣe ìdárayá, abẹ́ ibùsùn ni àwa kan máa ń sá sí. A rò pé ìyà ni. Ọ̀fẹ́ ni ẹ fún wa nígbà náà, ọ̀fẹ́ náà ló ṣì jẹ́ lónìí.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2023, a tún lọ tọrọ ìyàwó. Mo tún nà gbalaja. Nígbà tí wọ́n ní ká dìde, mo yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fọwọ́ tilẹ̀, mo gbé orúnkún kan, orúnkún náà dún kàkà, mo sì dìde fúnra mi. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lẹ kọ́bọ̀ mọ́ mi lára. Mi ò tíì pàdánù owó kan tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́la, kẹ́ ẹ tó gbé fóònù, ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹní yín, kẹ́ ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí a bá tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, a ó fi ẹsẹ̀ ara wa rìn wọlé.