Ẹ Má Jẹ́ Ká Lé Ẹlẹ́ṣin Kúrò Lóde Wa
(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè Olówógbowó)

 

Àwọn kan nínú wa ní ká má jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin wọ àdúgbò mọ́ tí a bá ń ṣe ìnáwó. Wọ́n ní ẹṣin ń dí ọ̀nà, ó ń yàgbẹ́ sójú títì, ó sì lè ta ọmọ nípàá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa.

Ẹṣin kì í ṣe àlejò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. TBS tí à ń rí yìí, Race Course ni tẹ́lẹ̀, ẹṣin ló ń sáré níbẹ̀. Ibẹ̀ náà la ti gba òmìnira ní 1960. Ní 1972 ni wọ́n kọ́ gbàgede síbẹ̀. Ère ẹṣin funfun mẹ́rin ló kù lẹ́nu géètì. Ère kì í mu omi. Èyí tó ń mí ló nílò wa.

Ẹṣin Lagos Polo Club n'Íkòyí nílé, ó sì ní dókítà. Èyí tí wọ́n ń fà kiri etíkun Lẹ́kì àti òde ìnáwó ńkọ́? Ó lè dúró sóòrùn látàárọ̀, kí èèyàn máa gùn ún ya fọ́tò, kí ẹnì kankan má bu omi fún un. Ọmọkùnrin tó ń fa ìjánu rẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Tí a bá lé wọn, àdúgbò mìíràn ni wọ́n á lọ, ìyà ẹṣin náà ò ní dín.

Òfin gan-an ò ràn wọ́n lọ́wọ́ tó. Nínú Criminal Code ti ìjọba àpapọ̀, abala 495, ẹni tó bá fìyà jẹ ẹran lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san ₦50. Kí lẹ fẹ́ fi ₦50 rà l'Ápọ́ngbọ̀n lónìí?

Ohun mẹ́ta la ń bẹ̀bẹ̀ fún:

1. Ẹni tó bá fẹ́ pe ẹlẹ́ṣin, kó kọ́kọ́ sọ fún ẹgbẹ́, ká mọ ẹni tó lẹṣin.

2. Kí omi àti ibòji wà fún ẹṣin. Èyí tó bá légbò lábẹ́ gàárì ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́ṣin ni yóò gbá ìgbẹ́ kó tó lọ.

3. Ká kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ wa àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, kí wọ́n bá àwọn ẹlẹ́ṣin jókòó kí wọ́n tó ṣòfin lé wọn lórí, kí dókítà ẹran sì máa yẹ ẹṣin wọn wò.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ló máa gbé garawa omi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wa fọwọ́ sí i.