Bí Ọ̀rọ̀ Bá Ju Ẹkún Lọ: Master Hirannaiah àti Ẹ̀fẹ̀ Orí Ìtàgé Kannada

 

Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Ọkùnrin tí mo wá sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi túmọ̀ òwe yìí. Master Hirannaiah ni, aláwàdà àti olùdarí eré ní ìpínlẹ̀ Karnataka, ní gúúsù Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Kannada. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ẹ̀fẹ̀ ni ọkùnrin yìí fi bi àwọn aláṣẹ léèrè owó ìlú, lójú àwọn tó ni owó.

Ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 1934 ni wọ́n bí i ní ìlú Mysore. Narasimha Murthy ni wọ́n sọ ọ́. Hirannaiah tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, orúkọ baba rẹ̀ ni: K. Hirannaiah, òṣèré àti òǹkọ̀wé eré, ẹni tó dá ẹgbẹ́ òṣèré Hirannaiah Mitra Mandali sílẹ̀. "Master" sì ni wọ́n sábà máa ń pe ọmọdékùnrin tó bá ń ṣeré ní Íńdíà. Orúkọ ọmọdé yẹn ló jẹ́ títí tó fi darúgbó. Baba lórúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kò jókòó ti ọlá baba. Nígbà tó wà ní iléèwé, ìwé ìròyìn ló ń tà láti fi san owó iléèwé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn yìí sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀.

Ní 1953, baba kú. Ọmọ ọdún 19 ni Narasimha Murthy, ẹgbẹ́ òṣèré sì di ẹrù lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Láàárín àwọn Kannada, ẹgbẹ́ òṣèré alárìnká dà bí abúlé tó ń rìn. Aṣọ ìtàgé aláwòrán, ẹrù aṣọ eré, dùùrù harmonium, ìlù tabla, akọrin, òṣèré, alásè àti àwọn ọmọ wọn, gbogbo wọn ni yóò kó láti ìlú kan dé òmíràn. Ibi tí wọ́n bá pàgọ́ sí, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa ṣeré títí èrò yóò fi já. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ń jẹ. Gubbi Veeranna, aláwàdà ńlá tó kú ní 1972, ló gbé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dé góńgó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hirannaiah máa fi gba ipò baba rẹ̀, sinimá ti ń fa òǹwòran lọ. Olórí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wá ohun tí ẹni tó wòran lánàá yóò tún fi padà wá.

Ohun tí Hirannaiah rí ni eré tó ń jẹ́ Lanchavatara. Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ yìí. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé òrìṣà wọn Vishnu a máa gbé àwọ̀ wọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ayé láti gba ayé là. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n ka ìsọ̀kalẹ̀ náà sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní avatara. Lancha ní tirẹ̀, rìbá ni. Rìbá ti gbé àwọ̀ wọ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń bá wa gbé! Ọmọ Kannada tó bá gbọ́ orúkọ náà á ti rẹ́rìn-ín kí aṣọ ìtàgé tó ṣí. Ẹ̀rín ọ̀hún sì ta ni lára, nítorí òrìṣà làwọn èèyàn ń gbẹ́bọ fún. Ẹni tó gbé owó lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé rẹ̀, ojúbọ ló lọ.

Wọ́n ṣe eré yìí ní ìgbà tó ju 10,000 lọ. Bí èèyàn bá ń ṣe é ní alaalẹ́ láìsinmi, yóò gbà á ju ọdún 27 lọ. Kí ló dé tí kò sú wọn? Ibi tí ìwé ìròyìn ti padà wọlé nìyí. Bí eré bá ń lọ lọ́wọ́, Hirannaiah á fi ọ̀rọ̀ inú ìwé eré sílẹ̀, á kọjú sí òǹwòran, á máa fi ọ̀rọ̀ tó ń lọ nílùú dápàárá, láìkọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn olóṣèlú ń fara ya, kò dákẹ́. Rìbá ọdún yìí kì í ṣe ti èṣí, nítorí náà eré ọdún yìí kò lè jọ ti èṣí. Ọmọ tó ń ta ìròyìn fún ìlú ti wá ń tú ìròyìn wò fún ìlú.

Àwọn eré rẹ̀ yòókù, orúkọ wọn náà ń sọ̀rọ̀. Makmal Topi ni fìlà àrán. Nadubeedi Narayana ni Narayana ojú títì. Kapimushti ni ọwọ́ tí ọ̀bọ dì, a sì mọ̀ pé ohun tí ọ̀bọ bá dì mú, kì í fẹ́ tú u sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà pàápàá fi àmì ẹ̀yẹ Rajyotsava dá ẹni tó ń bá ìjọba wí lọ́lá.

Ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, ọdún 2019 ló kú ní Bengaluru, lẹ́ni ọdún 85. Kò pé 40 ọjọ́ sí i tí Girish Karnad náà kú, òǹkọ̀wé eré Kannada tó gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Jnanpith ní 1998. Eré Karnad wà nínú ìwé, iléèwé gíga káàkiri àgbáyé ń kà á. Ṣùgbọ́n ìdajì eré Hirannaiah, ẹnu ló fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó sọ lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bá a lọ. Àwa onímọ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé nìkan là ń pè ní iṣẹ́ ọpọlọ. Ọkùnrin tó ń dá ọ̀rọ̀ tuntun lórí ìdúró lójú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn, tó sì ń sọ òtítọ́ láìbẹ̀rù agbára ìjọba, aláwàdà lásán la kà á sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo bẹ̀. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí aláwàdà àgbà tó ṣì wà láàyè, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti ìlú tó ti ṣeré, ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó dun ìlú kò lè mọ ohun tí ìlú fi rẹ́rìn-ín. Ẹ tètè lọ.