Ohun Tí Odò Ògùn Ń Gbé Bọ̀ Wá Sọ́sà

Tí òjò bá rọ̀ l'Ábẹ́òkúta, ajílẹ̀ oko àti ìdọ̀tí gọ́tà a máa bá Odò Ògùn dé ọ̀sà Èkó. Wọ́n ń bọ́ koríko olódòdó tó ti ń bo ojú omi láti nǹkan bí 1984, tí ọkọ̀ apẹja kì í fi í rọ́nà gbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á pa á. Bó bá ń jẹrà, atẹ́gùn inú omi á dín kù, ẹja á jìyà.

Báwo la ṣe máa mọ bí ẹrù odò ṣe pọ̀ tó? Ká bu omi ife kan lọ yẹ̀ wò kò tó. Ó yẹ ká wọn bí odò ṣe ń ṣàn tó pẹ̀lú. Lásìkò òjò, ìdọ̀tí inú ife lè kéré, síbẹ̀ kí èyí tí odò ń gbé lọ pọ̀ ju ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá wọn ọ̀kan, tó fi ìkejì sílẹ̀, kò tíì wọn nǹkan kan.