Ẹ̀bùn fún Ọmọ Tí Ó Ń Wádìí

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn jọ síbi ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì, ara ife ẹ̀yẹ ni ojú àwọn tí ó wá wòran máa ń wà, àti lára ẹni tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ife kọ́ ni ó sábà máa ń yí ayé ọmọ padà. Ìwé pélébé kan ni, tí ó wí pé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tàbí ẹgbẹ́ kan yóò gbé ẹrù ẹ̀kọ́ ọmọ náà títí yóò fi parí. Ife lè dípẹtà lórí pẹpẹ. Ẹ̀kọ́ kì í dípẹtà lára ẹni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti wúwo tó ti Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, kò pọ̀.

Irú ìpàtẹ báyìí kò tí ì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní ọdún 1950, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ọgbọ̀n ọmọ péré ni ó dé ìparí ìdíje ọdún náà. Láti ìgbà náà ó ti di ìpàtẹ àgbáyé, tí àwọn ọmọ tí ó ju 1,000 lọ ń pésẹ̀ sí lọ́dọọdún. Wọn kì í ṣàdédé dé ibẹ̀. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ yege ní ìpàtẹ agbègbè tiwọn. Oríṣi ẹ̀bùn méjì ni wọ́n ń pín níbẹ̀. Èkíní ni ti ipò, tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Èkejì ni ẹ̀bùn àkànṣe. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga, tàbí ilé iṣẹ́ ni ó ń fi èyí lélẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ń yan ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Ọmọ tí kò sí nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lè gba ẹ̀bùn àkànṣe nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ lórí omi kànga wu àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ omi. Àwọn àgbà ti sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìbéèrè ọmọdé àti owó àgbà ni ó ń pàdé nínú ẹ̀bùn àkànṣe.

Kí ni àìní Làìbéríà tí ó fi yẹ kí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ lógún? Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́. Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Yúróòpù gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Làìbéríà wò, wọ́n sì rí àmì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan pé kòkòrò àrùn Ebola ti dé ara wọn rí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yẹ kí a ka Làìbéríà mọ́ àwọn ilẹ̀ tí kòkòrò náà ń gbé. Igi gangan-an-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn tí igi náà yóò gún lójú kò rí ìwé náà kà. Ọdún 32 kọjá. Ní 2014, Ebola bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti pa ènìyàn tí ó lé ní 4,800 ní Làìbéríà nìkan, nínú àwọn tí ó ju 11,000 lọ tí ó gba ẹ̀mí wọn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, Dókítà Bernice Dahn, tí ó jẹ́ olórí àwọn dókítà ìjọba Làìbéríà nígbà náà, àti àwọn méjì mìíràn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn New York Times pé ìkìlọ̀ ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n kò dé etí àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ. Kò sí ọmọ Làìbéríà kankan lára àwọn tí ó kọ irú àwọn ìwé ìwádìí bẹ́ẹ̀. Dókítà tí ó bá sì fẹ́ ka ọ̀kan nínú wọn ní 2015 yóò san dọ́là 45, èyí tí ó tó nǹkan bí ìdajì owó tí ó ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n gbà lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ náà kò padà wálé.

Àwọn ará Èkó pàápàá kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà. Ní oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan tí ó ti Làìbéríà wá gbé àrùn náà wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ó jáde ní ilé ìwòsàn. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ohun tí ọmọ Monrovia kò bá kọ́ lè di ikú ọmọ Èkó.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àní-àní pé ọmọ Làìbéríà lè ṣe iṣẹ́ náà bí ó bá rí ẹ̀kọ́. Dókítà Jerry Brown, tí ó jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìwòsàn ELWA ní Monrovia nígbà náà, sọ ilé àdúrà ilé ìwòsàn náà di ibi ìtọ́jú àwọn tí Ebola mú, nígbà tí kò tí ì sí ibòmíràn tí wọn yóò gbé wọn sí. Ní òpin ọdún 2014 ìwé ìròyìn Time kà á mọ́ àwọn tí ó gbé iyì ọdún náà fún. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Làìbéríà, ní ìlú Monrovia yìí kan náà, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ṣùgbọ́n kí Ebola tó dé, iye dókítà tí wọ́n ní ó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò ju bí àádọ́ta lọ fún ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Kì í ṣe pé igi náà kò lè so. Àwọn tí a gbìn ni kò pọ̀.

Ìtàn ẹ̀kọ́ Làìbéríà kì í ṣe kékeré. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Làìbéríà, tí ó gba ìwé àṣẹ ní 1851, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó ṣáájú ní apá Áfíríkà yìí. Edward Wilmot Blyden, tí àwọn ará Èkó mọ̀ dáadáa nígbà ayé rẹ̀, wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Èdè Gíríìkì àti Látìn ni ó ń kọ́ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tó di Yunifásítì Làìbéríà ní 1951. Ní Kakata, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi orúkọ Booker Washington pè ti bẹ̀rẹ̀ láti 1929. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òpin 1989, tí kò parí pátápátá títí di 2003, ba ilé jẹ́, ó tú ìwé ká, ó sì lé olùkọ́ lọ. Àbájáde rẹ̀ hàn kedere ní 2013. Àwọn ọmọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25,000 ni ó ṣe ìdánwò ìgbàwọlé sí yunifásítì náà lọ́dún yẹn, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tí ó yege. Lẹ́yìn ariwo ńlá ni wọ́n tó gba díẹ̀ wọlé.

Àwọn kan yóò sọ pé nígbà tí ìpìlẹ̀ bá ti mì báyìí, kí ni à ń wá nídìí ẹ̀bùn? Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn sì wà nítòsí. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró tí ó bá Làìbéríà pààlà, tí ogun jà bíi tiwọn, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Global Minimum ṣe ìdíje fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní 2012. Ọmọ kan wà níbẹ̀, Kelvin Doe, tí ó ń ṣa àlòkù ẹ̀rọ lórí ààtàn, tí ó fi wọ́n ṣe bátìrì àti ilé rédíò kékeré fún àdúgbò rẹ̀. Ìdíje náà gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì, nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún. David Sengeh, ọmọ Sàró tí ó ń kàwé ní MIT nígbà náà, ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Sengeh padà sílé. Ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 2019. Ní ọdún 2012 yìí kan náà, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn kò ju mẹ́rìnlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ gbé jẹnẹrétọ̀ tí ó ń lo ìtọ̀ lọ sí ìpàtẹ kan ní Èkó. Ẹ̀rọ wọn kò tí ì tó èyí tí a lè fi tan iná ìlú, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn tó èyí tí gbogbo ayé dúró gbọ́.

Ẹ̀bùn ìdánwò wà tẹ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, tí Làìbéríà wọ̀ ní 1974, a máa fi ẹ̀bùn dá àwọn mẹ́ta tí ó ta yọ jù lọ ní orílẹ̀-èdè márààrún lọ́lá. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Augustus Bandele Oyediran, tí ó ti ṣe gíwá Yunifásítì Ìbàdàn rí, ni wọ́n fi pe ẹ̀bùn ẹni tí ó gba ipò kìn-ín-ní. Ohun dáradára ni. Ṣùgbọ́n ìdánwò ń wá ẹni tí ó mọ ìdáhùn. Ìpàtẹ ń wá ẹni tí ó mọ ohun tí ó yẹ kí a béèrè. Ilẹ̀ tí ó ń bẹ̀rù àrùn nílò àwọn méjèèjì.

Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀bùn àkànṣe so èso ní Monrovia, àwọn nǹkan kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Èkíní, kí ẹ̀bùn má ṣe mọ sọ́dọ̀ ọmọ nìkan. Bí ọmọ bá gba ife, tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní yàrá ìwádìí, tí kò ní omi ẹ̀rọ, ife náà yóò máa fi ilé náà ṣẹ̀sín ni. Kí apá kan owó náà ra ohun èlò fún ilé ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ ọmọ náà. Èkejì, kí ó dé ìgbèríko. Ìpínlẹ̀ 15 ni ó wà ní Làìbéríà. Ọmọ Lofa tàbí ọmọ Maryland tí kò ní owó ọkọ̀ dé Monrovia kò lè díje pẹ̀lú ọmọ tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi ìpàtẹ.

Ẹ̀kẹta, kí ìdájọ́ hàn sí gbogbo ènìyàn. Orúkọ Thomas Faulkner ni wọ́n fi pe kọ́lẹ́ẹ̀jì sáyẹ́ǹsì Yunifásítì Làìbéríà. Òun ni ó dije du ipò ààrẹ ní 1927, tí wọ́n kéde pé alátakò rẹ̀, Ààrẹ Charles King, ní ìbò 243,000, nígbà tí iye àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò kò tó 15,000. Ó yẹ kí àwọn tí ó ń ṣe ìdájọ́ lórí iṣẹ́ ọmọdé rántí ẹni yìí. Ohun àkọ́kọ́ tí sáyẹ́ǹsì ń kọ́ni ni pé iye tí a bá kà ni a ó sọ. Bí ọmọ bá rí i pé ọmọ ọlọ́lá gba ẹ̀bùn lórí iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ sanwó fún ẹlòmíràn ṣe, ẹ̀kọ́ mìíràn ni yóò gbé lọ sílé.

Ẹ̀kẹrin, owó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ George Weah kéde pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ìjọba kò ní sanwó ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n owó ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ni gbogbo ìnáwó: ìwé wà, oúnjẹ wà, ọkọ̀ tí yóò gbé ọmọ lọ sí ọgbà Fendall lẹ́yìn ìlú náà wà. Ibẹ̀ ni ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sikọ́láṣíìpù, ti wúlò. Láti 2011, ilé iṣẹ́ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà, USAID, ná owó púpọ̀ láti tún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ní Yunifásítì Làìbéríà, àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Cuttington. Ní 2025 ìjọba Amẹ́ríkà ti USAID pa. Kò sí ẹni tí ó lè bá ẹlòmíràn ṣírò àpò rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń kọ rọ́bà tí ó sì ń wa irin ní ilẹ̀ Làìbéríà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀bùn àkànṣe lélẹ̀. Láti 1926 ni Firestone ti gba ìwé àdéhùn lórí ilẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù kan éékà fún ọdún 99. Ọdún 99 yẹn ti pé. Ilẹ̀ tí ó ti bọ́ ilé iṣẹ́ fún ìgbà tí ó tó báyìí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí ó bọ́ ọgbọ́n ọmọ òun.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kan yóò so èso sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọ̀dọ́mọkùnrin Làìbéríà kan rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ láti lọ kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀ bá a lọ, ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ìyá wọn àgbà, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní ìlú náà. Ìyàwó náà ni Ellen Johnson Sirleaf, tí ó di ààrẹ Làìbéríà ní 2006, obìnrin àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn sí ipò ààrẹ ní Áfíríkà. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bùn náà kò lè mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí òun ṣí fún ẹnì kan ni ẹlòmíràn yóò gbà kọjá.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Làìbéríà ti tún ọ̀pọ̀ ilé tí ogun wó kọ́. Bóyá lónìí, ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn Monrovia, ọmọ kan wà tí ó ń da omi kànga sínú ìgò, tí ó ń béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá ràn án lọ́wọ́, nígbà tí ìkìlọ̀ mìíràn bá tún dé, òun ni yóò kọ ọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kà á.