Bí A Ti Lè Pa Ẹ̀wà Mọ́ Láìfi Májèlé Sí I



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè tàbí ìtàn àwọn baba wa, èyí tí a sábà máa ń gbọ́ nínú ìpàdé yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kéré jù fún irú ẹgbẹ́ yìí, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò ṣẹ́ kù nínú oúnjẹ Yorùbá bí a bá mú àkàrà, mọ́ínmọ́ín àti gbẹ̀gìrì kúrò níbẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Òwe ni a fi í pa, ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀wà, bí ó ti rí gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú àká tàbí inú àpò ni kòkòrò ti ń wọ ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti oko ni ó ti ń bá a bọ̀. Nígbà tí ẹ̀wà bá gbó, tí èèpo rẹ̀ sì ń gbẹ, abo kòkòrò yóò fò wá, yóò sì lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àmì funfun tóótòòtó. Abo kan lè yé tó 100 ẹyin. Ní bí ọjọ́ 5 tàbí 6 ẹyin a pa, ìdin a sì gbẹ́ ihò láti abẹ́ ẹyin náà wọ inú hóró lọ, débi pé ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà kò lè rí ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Níbẹ̀ ni yóò ti máa jẹ fún bí ọ̀sẹ̀ 3, títí yóò fi gé fèrèsé roboto tí yóò sì jáde. Ẹ kíyè sí èyí: àgbà kòkòrò tí a ń rí tí ń rìn lórí ẹ̀wà kì í jẹ ẹ̀wà mọ́ rárá. Ìdin ni ọ̀jẹun. Ìyá rẹ̀ kàn ń wá ibi tí yóò yé sí ni. Nítorí náà ẹni tí ó fi atẹ fẹ́ ẹ̀wà, tí ó gbọn kòkòrò dànù, tí ó sì ní òun ti ṣe iṣẹ́, àwọn tí kì í jẹ ẹ́ ni ó lé lọ. Àwọn tí ń jẹ ẹ́ ṣì wà nínú ilé.

Ìyà tí ó ti ibẹ̀ wá kì í ṣe ti ihò lásán. Àgbẹ̀ tí kò lè pa ẹ̀wà mọ́ ní láti tà á nígbà ìkórè, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń tà, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ òun náà yóò gbé igbá lọ sí ọjà láti fi owó gọbọi ra irú ohun tí ó tà lọ́pọ̀. Oníṣòwò ẹ̀wẹ̀, tí ó kó àpò ẹ̀wà láti Kánò wá sí Ìbàdàn, ń bẹ̀rù pé kí òun tó tà á tán yóò ti di ìyẹ̀fun. Ẹ̀rù yìí ni ó mú kí àwọn kan nawọ́ sí májèlé.

Májèlé tí mo ń wí ni oògùn apakòkòrò olómi tí a ń pè ní dichlorvos, tí àwọn ènìyàn ń rà fún aáyán àti ẹ̀fọn. Àwọn kan a máa wọ́n ọn sórí ẹ̀wà tí ọmọ ènìyàn yóò jẹ. Ohun tí ó ń ṣe sí kòkòrò náà ni ó ń ṣe sí wa: a máa da iṣẹ́ iṣan ìmọ̀lára rú, bí ó bá sì pọ̀, èémí a dúró. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ ilẹ̀ Nàìjíríà, nítorí wọ́n bá májèlé yìí nínú rẹ̀ láti 0.03 dé 4.6 mílígíráàmù nínú kílò kan, bẹ́ẹ̀ ni 0.01 péré ni òfin wọn gbà. Ní ọdún 2019 àjọ NAFDAC ti ilẹ̀ wa fi òfin de ìgò kékeré rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Yúróòpù yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kẹ́dùn owó tí ó sọnù. Èmi kò bá wọn kẹ́dùn púpọ̀ lórí owó. Ẹ̀wà tí òyìnbó kọ̀, ta ni ó jẹ ẹ́? Àwa àti àwọn ọmọ wa ni.

Kí ni kí a wá ṣe? Àwọn ìyá wa ti ní ìdáhùn kan, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń fojú tín-ín-rín: eérú. Eérú ààrò tí ó ti tutù, tí a fi ajọ̀ jọ̀, kóńgò eérú kan sí kóńgò ẹ̀wà kan, tí a pò pọ̀ sínú ìkòkò, tí a sì tún da eérú bò lójú. Eérú dí gbogbo àlàfo, kòkòrò tí ó bá jáde kò rí ààyè rìn, kò rí akọ, kò rí ibi tí yóò yé sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan kò ṣe nǹkan kan. Òróró ẹ̀pà náà dára, ṣíbí tíì kan sí kílò ẹ̀wà kan, kí a yí i pọ̀ dáadáa. Ẹyin ni ó ń pa. Ní ti ata gbígbẹ tí a ń jù sínú àpò, mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan yóò bínú sí mi, ṣùgbọ́n kò lè bá ìdin tí ó wà nínú hóró. A kò bu ọlá fún àwọn baba wa nípa sísọ pé wọn kò ṣì ọ̀nà rí. Jósẹ́fù kó ọkà jọ ní Íjíbítì fún ọdún 7; ó wù mí kí Ìwé Mímọ́ ti sọ fún wa bí ó ti ṣe ti kòkòrò!

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, tí Larry Murdock wà nínú wọn, bá àwọn àgbẹ̀ àríwá ilẹ̀ Kamẹrúùnù ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ọ̀nà 2 tí wọ́n fi hàn ni mo fẹ́ràn jù. Èkínní ni oòrùn. Kí a tẹ́ ọ̀rá dúdú sórí ẹní, kí a tẹ́ ẹ̀wà pẹlẹbẹ lé e, kí a fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bò ó, kí a sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yíká ní ọ̀sán gangan. Bí ooru abẹ́ rẹ̀ bá dé ìwọ̀n 57 ti Sẹ́ńtígíréèdì fún wákàtí kan, ẹyin, ìdin àti àgbà yóò kú.

Èkejì ni àpò onípele 3, tí àwọn ọlọ́jà mọ̀ sí PICS, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 2007. Ọ̀rá nípọn 2 ni ó wà nínú àpò híhun kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà gbẹ kó-kó-kó, kí ẹ dà á sínú ọ̀rá ti inú, kí ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ ká a, kí ẹ fi okùn dì í pinpin. Kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì, lẹ́yìn náà sí àpò òde. Kí ẹ má ṣí i fún oṣù 2, ó kéré tán. Àwọn kòkòrò inú rẹ̀ ni yóò fi ẹnu ara wọn mí afẹ́fẹ́ náà tán. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tán, wọn yóò dẹ́kun jíjẹ. Àti pé nítorí inú oúnjẹ àti èémí ni kòkòrò yìí ti ń rí omi ara rẹ̀ nínú hóró gbígbẹ, òùngbẹ ni yóò pa á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́, ẹ má kàn kọ èyí sára pátákó. Ẹ mú ìgò 2, kí ẹ bu ẹ̀wà tí kòkòrò ti wọ̀ sínú wọn. Kí ẹ kún ọ̀kan dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Kí ẹ fi aṣọ bo ẹnu èkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ka hóró tí ó lu nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní owó àpò lè lo kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ́ tí ìdérí rẹ̀ le, bí kò bá ṣe kẹ́ẹ̀gì tí a ti fi gbé oògùn rí.

Ní ti àpò náà, bí eku kò bá lu ú, a lè lò ó fún ìkórè bí 2 tàbí 3. Kí a tó tún un lò, kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀rá rẹ̀, kí a di ẹnu rẹ̀ mú, kí a sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wa. Bí a bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń jò, kí a fi rọ èédú, kí a sì ra òmíràn fún ẹ̀wà.