Iṣẹ́ Tí A Rán àti Iṣẹ́ Tí A Jẹ́



Ohun márùn-ún ni ó so mọ́ ọ̀rọ̀: ẹni tí ó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà kọjá, ẹni tí ó gbọ́ ọ, àti èsì tí ó padà. Ní ọdún 1948, Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ya àwòrán ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń tọ̀. Ó sì fi ariwo sí i, èyíinì ni ohunkóhun tí ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n fi èsì kún un.

Ẹni tí ó bá dúró ní Ojúẹlẹ́gba ní ìrọ̀lẹ́ mọ ariwo dánfó. Ṣùgbọ́n ariwo mìíràn wà tí etí kì í gbọ́: ìbẹ̀rù ni.

Ní oṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ó kó o. Nínú oṣù Kẹjọ, iṣẹ́ kan ń lọ láti fóònù dé fóònù pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún. Ìwé ìròyìn sọ pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì kú nítorí rẹ̀. Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́? Àwọn tí ó gbà á kò mọ̀ ọ́n. Ìbẹ̀rù kò sì jẹ́ kí wọ́n béèrè. Kò sí ìkà lọ́kàn púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gba ọ̀nà mìíràn. Ènìyàn 894 tí ó súnmọ́ àwọn aláìsàn ni wọ́n tọ̀ lọ lójúkojú, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sì dúró gbọ́ èsì. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi t'ọmọ jẹ́ ẹ. Súrátùl Hujuráàt, ẹsẹ 6, sì pàṣẹ ìwádìí kí ìròyìn má baà pa aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lára. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kí ó béèrè: Ta ni ó sọ ọ́? Ọ̀nà wo ni ó gbà dé? Ta ni ó mọ òótọ́ rẹ̀? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ọ̀rọ̀ náà kú sí ọwọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi gbogbo Mùsùlùmí mọ ọ̀nà títọ́. Àmín.