Ọjà Tí Ó Ń Tà àti Ọjà Tí Ó Kùtà



Ní apá ìlà oòrùn ìlú Johannesburg, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, títì gígùn kan wà tí a ń pè ní Jules Street. Láti Jeppestown ni ó ti gbéra, ó sì la Malvern kọjá. Ẹni tí ó fẹ́ ra àlòkù ọkọ̀, ẹni tí ó ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀, àti ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dákú sójú ọ̀nà, gbogbo wọn ni wọ́n mọ títì yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí àwọn jàǹdùkú dìde sí àwọn àjèjì ní ìlú náà, iná sọ ní títì yìí. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ tí a kó jọ fún títà, wọ́n sì kó ọjà ọlọ́jà lọ. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà ni ọkọ̀ òfuurufú Air Peace kó ọ̀wọ́ kìíní nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fẹ́ padà wálé. Ní oṣù keje ọdún 2021, rògbòdìyàn mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀ ní ẹkùn Gauteng àti KwaZulu-Natal.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rògbòdìyàn ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, bí kò ṣe ìbéèrè kan tí ó máa ń tẹ̀ lé irú àjálù bẹ́ẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, iléeṣẹ́ adójútòfò ti ìjọba tí à ń pè ní Sasria ni ó ń bójú tó òfò tí rògbòdìyàn bá fà fún ẹni tí ó ti san owó rẹ̀ sílẹ̀. Bí èéfín bá lọ sílẹ̀ tán, tí oníṣọ́ọ̀bù tọ adójútòfò lọ, ohun tí wọn yóò bi í ni pé: kí ni ó wà nínú sítọ́ọ̀ rẹ? Èló ni o rà á? Mélòó ni ò ń tà lóṣù? Ẹni tí ó ní ìwé yóò dáhùn. Ẹni tí kò ní ìwé yóò máa wòye. Ìwé náà gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa, ìyẹn ìwé tí ó ń fi oríṣi ọjà kọ̀ọ̀kan hàn nínú ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe ọkọ̀, àti iye tí a tà nínú rẹ̀ lóṣooṣù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, àti pé orí ni àwọn fi ń ka ọjà àwọn. Àwa Yorùbá kò kúkú fi ojú kékeré wo ẹni tí orí rẹ̀ pé. Ta ni kò gbọ́ òkìkí Alájọ Ṣómólú ní Èkó, ẹni tí a máa ń fi ṣe àpèjúwe orí pípé títí di òní? Ṣùgbọ́n ìdí tí òkìkí rẹ̀ fi kàn ni pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí orí baba bá sì pé, ọmọ kò lè jogún orí náà, ọmọ iṣẹ́ kò sì lè yá a lò ní ọjọ́ tí ara ọ̀gá kò bá yá. Ìwé ni ó ṣeé fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn yóò sì sọ pé àwọn ń kọ ìwé: ní òpin oṣù, wọn a ka àpapọ̀ owó tí ó wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àpapọ̀ lè tan ènìyàn jẹ. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan wà tí ó pa ráńdì 200,000 ní oṣù kẹta, tí ó sì tún pa ráńdì 200,000 ní oṣù kẹrin. Ọ̀gá yóò ní oṣù méjèèjì dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí á tú u palẹ̀. Ní oṣù kẹta, owó iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ 80,000, òróró ẹ́ńjìnì àti fíltà, 50,000, bírékì, 40,000, bátìrì àti ohun èlò iná, 30,000. Ní oṣù kẹrin, owó iṣẹ́ ọwọ́ wálẹ̀ sí 50,000, òróró àti fíltà, 30,000, bírékì, 30,000, ṣùgbọ́n bátìrì àti ohun èlò iná fò sókè dé 90,000.

Ká tún ní nínú ráńdì 100 tí a bá ta òróró àti fíltà, 30 ni èrè. Nínú 100 ti bírékì, 40. Nínú 100 ti bátìrì, 10 péré. Bí a bá yọ iye tí a ra àwọn ọjà náà kúrò, ohun tí ó ṣẹ́ kù ní oṣù kẹta jẹ́ 114,000. Ní oṣù kẹrin, 80,000. Bí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó ilé àti owó iná mànàmáná bá jẹ́ 95,000 lóṣooṣù, oṣù kẹta fi 19,000 sílẹ̀ fún ọ̀gá, oṣù kẹrin sì dá a ní gbèsè 15,000. Iye kan náà ni ó wọlé ní oṣù méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀kan mú èrè wá, èkejì ń jẹ ojú owó. Àpapọ̀ kò sọ èyí fún ọ̀gá. Ìwé tí a pín sí ìsọ̀rí ni ó lè sọ ọ́ fún un.

Báwo ni a ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Kò le rárá. A ó pín ọjà sí ìsọ̀rí bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kí ó má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi sú ẹni tí ń kọ ọ́, kí ó má sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi da ohun tí kò jọra pọ̀. Owó iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ dá dúró, nítorí a kò rà á lọ́jà. Bí ohun kan bá ti jáde ní sítọ́ọ̀, kí a kọ ọ́ sí abẹ́ ìsọ̀rí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: iye ẹyọ, iye tí a rà á, iye tí a tà á. Owó orí ọjà kì í ṣe ti oníṣọ́ọ̀bù. Ti ìjọba ni. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí náà láti oṣù kẹrin ọdún 2018. Bí ẹni tí ó ti forúkọ sílẹ̀ fún un bá gba ráńdì 230,000 lọ́wọ́ oníbàárà, ráńdì 200,000 ni kí ó pè ní títà rẹ̀.

Ní òpin oṣù, kí a ka ohun tí ó wà lórí pẹpẹ. Ohun tí a bá nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí a fi èyí tí a rà kún un, tí a sì yọ èyí tí a tà kúrò nínú rẹ̀, òun ni ó yẹ kí ó kù. Bí kò bá pé, olè ti gbé e, tàbí ẹnì kan gbàgbé láti kọ ọ́, tàbí a ti fi sí ọkọ̀ oníbàárà láìgba owó rẹ̀. Ìwé òṣù kan kò gbọdọ̀ wọ òṣù kejì kí a tó wádìí èyí. Kí ẹ̀dà ìwé náà má sì máa sùn sí ṣọ́ọ̀bù, nítorí iná tí ó jó ọjà lè jó ìwé pẹ̀lú.

Oṣù kan kò jọ èkejì. Johannesburg wà lórí ilẹ̀ tí ó fi mítà tí ó lé ní 1,700 ga ju ojú òkun lọ. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, òtútù a mú níbẹ̀, bátìrì tí ó ti gbó a sì kọ̀ láti jí ẹ́ńjìnì ní òwúrọ̀. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta ni òjò ń rọ̀, kòtò ojú títì a sì máa ba táyà jẹ́. Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, àwọn onímọ́tò a máa tún bírékì ṣe nítorí ìrìn àjò sí Durban ní ojú ọ̀nà N3, tàbí sí Limpopo àti Zimbabwe ní ojú ọ̀nà N1. Nítorí náà, kí a má fi oṣù kejìlá wé oṣù kọkànlá nìkan. Kí a fi í wé oṣù kejìlá ọdún tí ó kọjá.

Ìwé yìí kan náà ni yóò tú àṣírí ọjà tí ó kùtà. Bí bírékì tí ó wà nílẹ̀ bá jẹ́ ráńdì 72,000 ní iye tí a rà á, tí èyí tí ó ń jáde lóṣù sì jẹ́ 24,000, oṣù mẹ́ta ni yóò fi tà tán, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yà ọkọ̀ mìíràn tí iye rẹ̀ jẹ́ 48,000 bá wà nílẹ̀, tí 2,000 péré ń jáde lóṣù, ọdún méjì ni owó náà yóò fi há síbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2017, General Motors dẹ́kun títa ọkọ̀ Chevrolet ní Gúúsù Áfíríkà. Ọkọ̀ náà kò pòórá lójú títì ní ọjọ́ kan, nítorí náà wọ́n ṣì ń béèrè ẹ̀yà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tuntun kò bá kún un mọ́, iye rẹ̀ kò lè ṣe kí ó má dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Citi Golf tí Volkswagen dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 2009. Ẹni tí ó ń wo ìwé rẹ̀ lóṣooṣù yóò rí i pé títà irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń rẹlẹ̀, yóò sì dín rírà kù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Òfin pẹ̀lú ti mú kí ìwé yìí níye lórí sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021, ìlànà tí àjọ Competition Commission gbé kalẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ti fi àyè gba onímọ́tò láti gbé ọkọ̀ tí ó ṣì wà lábẹ́ ìdánilójú ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ó bá wù ú. Iṣẹ́ tuntun lè ti ibẹ̀ wá, ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ irú ọjà tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ bí kò bá sí àkọsílẹ̀? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2008 tún sọ pé ẹ̀yà tí a fi sí ọkọ̀, ì báà ṣe tuntun tàbí èyí tí a tún ṣe, àti iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi dè é, gbọ́dọ̀ ní ìdánilójú oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Nítorí náà, kí a máa kọ ọjà tí ó padà wá sí abẹ́ ìsọ̀rí rẹ̀. Bí irú bírékì kan bá ń tà púpọ̀, tí ìdajì rẹ̀ sì ń padà wá, òfò ni a ń tà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Johannesburg kò kàn wá nílé. Mẹkáníìkì tí ó ń ra ọjà ní Ládìípọ̀ ní Mushin mọ ohun tí ojú rí láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ọjà sọ iye rẹ̀, tí ohun tí ó ti òkèèrè wá sì di ọ̀wọ́n gógó. Ká ní ó ń ta bátìrì 20 lóṣù ní ₦50,000, ₦1,000,000 ni. Bí ó bá di ₦80,000 tí ó sì ta 15, ₦1,200,000 ni. Owó lé, ṣùgbọ́n bátìrì márùn-ún ni kò rí ẹni rà á. Ẹni tí ó kọ iye owó nìkan yóò máa yọ̀. Ẹni tí ó kọ iye ẹyọ pẹ̀lú yóò mọ̀ pé oníbàárà ń lọ. Òfin owó orí tuntun tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, yọ àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké kúrò lábẹ́ owó orí ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ pé òun kéré gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi hàn.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìṣirò lọ. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá wó, kì í ṣe ọ̀gá nìkan ni ó bá a wó. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ku ọdún kan kí ó gba fíríìdọ́ọ̀mù yóò máa wá ọ̀gá mìíràn. Ìyàwó àti ọmọ yóò máa wojú ara wọn. Ọ̀pọ̀ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàìní iṣẹ́: ọkọ̀ kún iwájú wọn títí di ọjọ́ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa. Ọ̀gá tí ó bá kọ́ ọmọ ní títú ẹ́ńjìnì, tí kò kọ́ ọ ní ìwé ọjà, ìdajì iṣẹ́ ni ó kọ́ ọ. Ìwé àkọsílẹ̀ kan, kálàmù kan, àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo ohun tí ó ń béèrè. Òpin oṣù yìí kò ní pẹ́ dé. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti òní.